Àwo Tí Tàjúdínì Ń Ṣí Láti Ọwọ́ Ọ̀tún

Ẹni tó bá rí Tàjúdínì lọ́jọ́ Àìkú yẹn á rò pé ìyàwó tuntun ló fẹ́ lọ gbé. Bàbá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí oòrùn tó kanrí. Ó wọ aṣọ funfun tó fi ń kírun Jímọ̀, ó sì gbé àwo orin rẹ̀ mọ́ àyà. Mọ́nsúrátù ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Qoreebah, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ rọra máa mí o."

"Gbogbo ìlú Bouaké ló máa gbọ́ ohùn mi lónìí," ni Tàjúdínì wí, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé títì.

Ilé iṣẹ́ rédíò kan ló ránṣẹ́ pe òun àti Jacques ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé kí wọ́n wá ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n gbé orin tí wọ́n fẹ́ràn jù wá, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ fáráyé gbọ́. Orin àwọn méjèèjì kì í ṣe orin tí gbogbo èèyàn ń jó. Rọ́ọ̀kì gígùn ni, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní rọ́ọ̀kì porogírẹ́síìfù. Orin kan ṣoṣo lè gba odindi ojú àwo. Ìlù rẹ̀ á máa lọ ní méje-méje, ẹsẹ̀ ẹni tó bá láyà láti jó o á kọ́ ara wọn. Dùùrù á bú gbàmù, gìtá á gbà á lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á pa rọ́rọ́, fèrè kan á wá yọ jẹ́jẹ́. Tí fèrè yẹn bá ti yọ, omi á lé sójú Tàjúdínì. Kò sì tijú ẹnikẹ́ni.

Ọdún 1974 ni Faransé kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ fi àwo náà gba abọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù tí Tàjúdínì ti ń ta abọ́ àti ìkòkò ní àdúgbò Koko. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, Jacques, ọmọ Baoulé, ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ, wá ra ìkòkò. Ó dúró gbọ́ orin, ó gbàgbé ìkòkò, ìyàwó rẹ̀ sì fi ojú rẹ̀ rí nǹkan nílé lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, ọdún mẹ́rìnlélógún, kò sí ọjọ́ Àìkú tí wọn kì í jọ gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n gé iye owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ sí méjì, tí ọjà dẹnu kọlẹ̀, Tàjúdínì ta fíríìjì, ó ta tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n kò ta àwo kankan. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Priscille, ọmọbìnrin tó ń ṣe ètò náà, pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ rédíò. Kò lè wo ojú Tàjúdínì.

"Tọ́ńtọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọ̀gá wa ní àwọn kan ń ráhùn pé ohùn àlejò ti pọ̀ jù nínú rédíò. Tọ́ńtọ̀n Jacques ni kó máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ẹ máa bá wa fi àwo sí i, ká kàn má dárúkọ yín."

Lásìkò náà, ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ ilẹ̀ tòótọ́ ti gba gbogbo ìlú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n béèrè káàtì séjúù, ìwé ìgbélùú àlejò, lọ́wọ́ Tàjúdínì, lójú ọ̀nà tó ti ń rìn láti ọdún 1962 tó ti dé láti ilẹ̀ Yorùbá.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, à ń padà sílé," ni Jacques wí.

Tàjúdínì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó dùn ún wọ eegun, ṣùgbọ́n ó ro bí fèrè yẹn á ṣe wọ gbogbo ilé láti Koko títí dé Brobo.

"Jẹ́ ká ṣe é, Jacques. Wọn ò lè béèrè káàtì lọ́wọ́ orin."

Ó jókòó ti ẹ̀rọ, ó sì ṣí páálí àwo náà bó ṣe máa ń ṣí i. Àwo méjì ló wà nínú rẹ̀, páálí náà sì ń ṣí bí ìwé. Ilé kéú ni Tàjúdínì ti kọ́ ìwé ṣíṣí, ọwọ́ ọ̀tún ni ó sì ti ṣí páálí yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ìwé Lárúbáwá. Kò sí nọ́ńbà lára àwọn àwo náà, àwòrán nìkan ni. Báyìí ló ṣe fi èkejì ṣáájú, tí ìparí orin di ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹwàá ni Jacques tó kà nínú ìwé ìròyìn kan pé òdì ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ bó ṣe yẹ lọ́sẹ̀ kan, kò dùn mọ́ wọn, ni wọ́n bá padà sí tiwọn.

Orin bẹ̀rẹ̀. Jacques ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn, ó sì ń sọ̀rọ̀ níbi tí kò yẹ kó ti sọ ọ́. Tàjúdínì ń ka ìlù lórí eékún, ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀ bámúbámú. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó dákẹ́.

Fóònù dún. Priscille gbé e sórí afẹ́fẹ́. Ìyá kan ni, nọ́ọ̀sì ní àdúgbò Ahougnansou.

"Ta ló bẹ̀rẹ̀ orin yìí láti ìparí?" ni ìyá náà béèrè. "Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílùú yìí, Yorùbá kan, Anago tó ń ta abọ́ ní Koko. Nígbà tí mo wà ní lísè, nílé ìwé girama, mo máa ń dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lórí. Mo ti ra tèmi báyìí, bó ṣe ń fi í sí i ni èmi náà ń fi í sí i. Ṣé ó ṣì wà láàyè?"

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí òmíràn fi dún. Àgbẹ̀ kan láti Brobo ni, ó ń fi ẹnu ka ìlù méje-méje náà, ó ní òun náà dúró níbẹ̀ rí. Ẹ̀kẹta wọlé, ẹ̀kẹrin tẹ̀ lé e. Anago Koko ni gbogbo wọn ń béèrè. Tàjúdínì kò mọ̀ pé ẹnì kankan wà lẹ́yìn ògiri òun láti ọjọ́ yìí wá. Ayọ̀ náà pọ̀ jù fún un.

Ọ̀gá rédíò ti dé ẹ̀yìn gíláàsì, ó ń mi orí fún Priscille pé rárá. Priscille wò ó, ó wo iná fóònù tó ń ṣẹ́jú, ó sì yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Jacques dìde. Ó ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹni tẹ́ ẹ ń béèrè rèé. Ó ti wà níbí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀."

Tàjúdínì nu ojú. Ó gbé ẹnu sún mọ́ ọn, ó sì dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ bàbá tó bí i, ó dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti bí i, ó dárúkọ Koko. Kò fi ọ̀kan pamọ́ nínú wọn.