Ìkòkò Bàbà Ẹ̀gbọ́n Mi

Odindi ọdún kan ni wọ́n fi pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ardith Eléèéfín, kò sì sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ lójú mi tó lọ láìgbọ́ tẹnu mi. Èmi Nelda, mi ò ní sùúrù, mi ò sì díbọ́n pé mo ní in. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, orúkọ náà bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu.

Ní Laurel Gap tiwa, láàárín àwọn òkè Virginia Ìwọ̀-oòrùn, ìgbà ìwọ́wé kò tíì dé bí a kò bá tíì se bọ́tà ápù. Kò sí bọ́tà kankan nínú rẹ̀. Ápù ni, pẹ̀lú omi ápù, ṣúgà àti sínámọ́nì, tí a ó dà sínú ìkòkò bàbà ńlá kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, tí a ó máa rò ó látàárọ̀ títí yóò fi dúdú, tí yóò sì kúnná débi tí a lè fi pa búrẹ́dì lára bíi bọ́tà. Ìyá wa ló ni ìkòkò náà, òun ló sì ń fi í se bọ́tà ápù fún àsè ìkórè títí ó fi kú. Ardith ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin méjì péré ló wà ńbẹ̀. Àkọ́kọ́, ọmọrogùn kò gbọdọ̀ dúró: ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ẹ̀ẹ̀kan láàárín, bẹ́ẹ̀ ni títí yóò fi jinná. Èkejì, bó bá wá jó mọ́ ìdí ìkòkò, má họ ọ́. Fi èyí tó jó sílẹ̀ síbi tó wà, kí o sì yára bu tòkè kúrò lórí rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ó jó mọ́ ìdí ìkòkò, àyà ẹ̀gbọ́n mi já, ó sì họ ọ́. Ó họ ọ́ dáadáa, tagbára tagbára. Kí a tó ṣẹ́jú, dúdú ìdí ìkòkò ti dà pọ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀. Ìgò méjìlélógójì la rọ, gbogbo wọn ló ń rùn bí ilé tó jó. Àwọn ará ìjọ dúpẹ́, wọ́n gbé tiwọn lọ sílé, torí pé ọmọlúwàbí ni wọ́n. Nígbà tó di oṣù kẹta, mo rí ìgò mẹ́ta lẹ́yìn ilé Colleen Hatcher. Ajá rẹ̀ gbóòórùn ọ̀kan nínú wọn, ó yíjú, ó bá tirẹ̀ lọ.

Colleen yìí ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa. Kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ ohun tí wọ́n ti ṣe tán sínú ọ̀rá lọ́jà ló máa ń wù ú jù. Nígbà tí a ṣèpàdé ìkórè nínú oṣù kẹsàn-án, ó ní ká ra bọ́tà ápù tó ti wà nínú ìgò wá láti ìlú, ká ra elégédé oníwèé àti ewé oníke tí a ó fi ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́, kí gbogbo wa lè sinmi. Mo bi í pé ìkòkò ńkọ́.

"A lè da iyẹ̀pẹ̀ sí i," ó ní, "ká gbin òdòdó sínú ẹ̀, ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Á mà rẹwà o."

Ardith jókòó síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Èmi ni mo dìde. Mo bi wọ́n pé ojú ta ni wọ́n ti fẹ́ da iyẹ̀pẹ̀ sínú ìkòkò ìyá mi. Mo tún sọ̀rọ̀ mìíràn kún un tí mi ò ní kọ síbí, nítorí inú ṣọ́ọ̀ṣì la wà. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Virgil Mullins, bàbá arúgbó tó máa ń dáná fún wa, dá a lábàá pé kí Ardith tún un sè lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá dára, ìkòkò di tirẹ̀ padà, kò sẹ́ni tó tún gbọdọ̀ sọ nǹkan kan. Bó bá jó, kí Colleen lọ gbin òdòdó rẹ̀. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè, àfi ti Ardith nìkan.

"Nelda, ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?" ó bi mí nígbà tí a ń lọ sílé.

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí."

"Tó bá tún wá jó ńkọ́? Ṣé màá máa wá wo òdòdó nínú ìkòkò Màámi ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni?"

Mo ní kò ní jó. Ó ní ohun tí mo sọ lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn. Omi ti lé ròrò sí i lójú, inú sì bí mi sí gbogbo ìjọ lápapọ̀, títí kan Virgil tó dá a lábàá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń ba èmi náà lábẹ́lẹ̀.

Láti Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ ìkórè la ti ń bó ápù. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá ni, àtàǹpàkò mi bó pẹ̀lú wọn. Àwọn ọmọdé ló ń ṣe ọ̀ṣọ́ ní tiwọn, torí ìpàdé ti ní kí ọ̀ṣọ́ oníwèé Colleen ṣì dúró ná. Wọ́n di pòròpórò àgbàdo mọ́ òpó iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi okùn so ewé pupa àti ewé aláwọ̀ ìyeyè pọ̀, wọ́n ta á yí fèrèsé ká. Wọ́n fi ṣúgà yíyọ́ rọ gúgúrú ní róbótóróbótó, wọ́n sì ń lá ìka ju bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ lọ. Wọ́n gé orí elégédé mẹ́rìnlá bí ìdérí, wọ́n wa inú wọn kúrò, wọ́n fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n tò wọ́n sórí àtẹ̀gùn. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ gbẹ́ ojú àti eyín sí wọn lára, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Colleen ń kọjá lọ, ó wò wọ́n, ó ní ó dáa o, àmọ́ oníwèé kì í jẹrà.

Aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé ni Virgil dáná. Otútù mú, èéfín ń lọ tààrà sókè, Ardith sì dúró ti ìkòkò látìgbà náà, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba ọmọrogùn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń wá, wọ́n ń wò, wọ́n ń fi imú fa òórùn, wọ́n ń lọ. Mo mọ ohun tí wọ́n ń gbóòórùn fún. Nígbà tó di aago kan, bọ́tà ápù ti dúdú, ó ti ki, ó ń ta pọ́ pọ́ sókè, àárẹ̀ sì ti mú apá ẹ̀gbọ́n mi. Mo fipá gba ọmọrogùn náà. Mo ní kó lọ mu kọfí, kó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ibẹ̀ ni Colleen ti wá bá mi. Ó kí mi, ó yìn wá pé a gbìyànjú. Ó wá ní òun kàn fẹ́ béèrè ni o, ṣé òdòdó pupa ló máa bá àwọ̀ bàbà mu jù ni àbí funfun.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mi ò lè gbọ́ irú ìyẹn kí n dákẹ́. Mo yíjú sí i. Mo sọ fún un nípa òdòdó, nípa ajá rẹ̀, nípa ìgò mẹ́ta ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Mi ò tíì sọ ìdajì nígbà tí mo mọ̀ pé ẹnu mi ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti dúró. Mo ti ọmọrogùn síwájú. Kò lọ dáadáa. Ohun kan dì í mú nísàlẹ̀ ìkòkò, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀.

Ó ti jó mọ́ ìdí ìkòkò, èmi ni mo sì jẹ́ kó jó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: gbogbo ara mi ló ń sọ pé kí n họ ọ́. Mo ti di ọmọrogùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo fẹ́ tì í wọlẹ̀, kí n họ ọ́ kíá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi bó ṣe ṣe Ardith lọ́dún tó kọjá. Àṣé ó ti padà dé; ọwọ́ rẹ̀ ló bà lé tèmi lórí igi náà.

"Má họ ọ́," ó ní. Kò pariwo. "Fà á jáde, Nelda. Rọra."

A fà á jáde. Ó ní kí Virgil yọ gbogbo iná kúrò, bàbá náà sì fi ọkọ́ wọ́ igi àti ẹyin iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kíá. Ardith bu ṣíbí kan látòkè, ó dà á sórí àwo, gbogbo wa sì ń wò ó bóyá omi á yọ yí i ká. Omi kankan kò yọ. Iná ti le ju bí a ṣe rò lọ, bọ́tà ápù sì ti jinná ní wákàtí kan ṣáájú àkókò. Ó tọ́ ọ wò, ó ní jíjó náà kò tíì kan tòkè. Ṣùgbọ́n bàbà gbígbóná kì í tètè tutù, ó ṣì ń sun nǹkan lábẹ́lẹ̀. Àfi ká bù ú kúrò lójú ẹsẹ̀.

Ká bù ú sínú kí ni? Ìgò ṣì wà nínú páálí, wọ́n tutù bí òkúta; bí a bá rọ nǹkan gbígbóná sínú wọn, gbogbo wọn ló máa fọ́. Ìkòkò ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì kò ju mẹ́ta lọ, ẹ̀wà àti ànàmọ́ àsè sì ti kún inú wọn. Àwọn obìnrin ń sáré síbí, wọ́n ń sáré sọ́hùn-ún. Colleen dúró, ó fọwọ́ bo ẹnu, kì í sì í ṣe pé inú rẹ̀ dùn, mo lè jẹ́rìí rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ardith wo àtẹ̀gùn.

"Ẹ gbé àwọn elégédé yẹn wá."

Darla, ọmọ ọmọ Virgil, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, figbe ta. Ó ní àwọn ò tíì gbẹ́ ojú wọn. Ardith bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, nínú gbogbo wàhálà yẹn, ó ṣàlàyé fún un pé bí a bá gbẹ́ ojú sí wọn báyìí, bọ́tà ápù á jò látojú. Ó mú èédú tútù kan létí ààrò, ó fi ya ojú méjì àti eyín págunpàgun sára elégédé àkọ́kọ́, ó kó èédú tó kù lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà nu imú rẹ̀, ó sì pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é. Ardith ló ń fi ìgbakọ bù ú, látòkè nìkan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwa ń gbé elégédé fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọdé sì ń yàwòrán sí wọn lára bí wọ́n ṣe ń kún. Nígbà tó kù bí ìbú ọwọ́ kan sí ìdí ìkòkò, Virgil ní ó ṣì kù o.

"Ó tó," ni Ardith wí. Ó gbé ìgbakọ sílẹ̀.

Elégédé mẹ́tàlá ló kún, ìkẹrìnlá dé ìdajì. A dé orí wọn padà, a tò wọ́n sórí àtẹ̀gùn láàárín pòròpórò àgbàdo. Ooru ń yọ lábẹ́ ìdérí wọn, sínámọ́nì ń ta sánsán dé ojú títì, ojú dúdú mẹ́rìnlá sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó ń bọ̀. Mo ti lo ọdún méjìlélọ́gọ́ta láyé, mi ò rí ọ̀ṣọ́ ìkórè tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Aago mẹ́rin ni àwọn èèyàn dé. Mo rò pé Ardith á jókòó, á jẹ́ kí wọ́n jẹun ná. Rárá. Ó ní kí èmi àti Virgil bá òun yí ìkòkò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí gbogbo ìjọ lè rí inú rẹ̀. Èèpá dúdú tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ gbágbá.

"Ó jó," ó sọ fún wọn. "Ẹ wò ó. Ibí ló ti jó, mo sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Kí ẹ tó dájọ́, ẹ tọ́ èyí tó wà nínú elégédé wò."

Mo ní èmi ni mo dáwọ́ dúró, èmi ni mo jẹ́ kó jó, kí ẹnikẹ́ni má di ẹ̀bi rẹ̀ ru Ardith. Ojú tì mí, àmọ́ mo sọ ọ́ sókè ketekete.

Colleen ló kọ́kọ́ rìn síwájú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ó mú búrẹ́dì, ó ṣí elégédé kan, ó bù ú, ó fi pa búrẹ́dì náà lára, ó jẹ ẹ́. Gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó mú búrẹ́dì kejì. Ìgbà tó nawọ́ sí ìkẹta ni Virgil ní kó ṣàánú àwọn tó wà lẹ́yìn.

"Sísítà Ardith," ni Colleen wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "ogún ọdún ni mo fi jẹ ti màmá yín. Òun náà rèé."

Ẹ̀gbọ́n mi sunkún. Kò fi pamọ́, èmi náà ò fi tèmi pamọ́. Àwọn èèyàn rọ́ dé ìdí elégédé, kí ilẹ̀ tó ṣú a ti ń gbọ́ ìró ṣíbí níbi tí wọ́n ti ń fi í họ ìyókù pẹ̀lú inú elégédé. Ẹnìkan ké pe Ardith látẹ̀yìn pé apẹ̀rẹ̀ mélòó la máa bó lọ́dún tó ń bọ̀. "Méjìlá," ni Ardith dá a lóhùn, kò sì sẹ́ni tó bi Colleen bóyá ó fọwọ́ sí i.

Virgil, tí kì í jẹ́ kí nǹkan kọjá, wá bi Colleen pé òdòdó pupa ni àbí funfun.

"Òdòdó wo?" ni Colleen wí. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó lọ gbé iyọ̀ àti ọtí kíkan wá, ó kúnlẹ̀ ti ìkòkò bàbà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Èèpá náà ń ṣí díẹ̀díẹ̀, bàbà sì ń pọ́n yọ lábẹ́ rẹ̀. Ardith dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ká ọwọ́ kọ́ àyà, ó ń wò ó.

"Apá ibẹ̀ yẹn ṣì dúdú, Sísítà," ó ní.

Colleen bu iyọ̀ sí i, ó sì tún ibẹ̀ fọ̀.