Èbúté Tí Adéṣínà Kọ́ sí Sókótó

Kíkẹ́ ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní jọ́gíráfì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Gagi, ní ìlú Sókótó. Lọ́jọ́ kan tó ń ṣàlàyé bí ọjà ṣe ń ti òkè òkun wọ Nàìjíríà, ó bi kíláàsì rẹ̀ pé ta ló ti rí òkun rí. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ó bi wọ́n pé ta ló ti rí ọkọ̀ ojú irin. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Zahrau nìkan ló nawọ́, ó ní òun rí i nínú fóònù ẹ̀gbọ́n òun. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, Kíkẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ sílé, ó ń rò ó pé òun alára, tí wọ́n bí sí Sókótó tó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun rí òkun tí òun ń kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀.

Wẹ́dà ni bàbá rẹ̀, Adéṣínà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń jó irin ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Sama Road: géètì, fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì, àga ilé-ìwé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ Haúsá, ẹni tí kò rí ojú rẹ̀ ò ní mọ̀ pé àlejò ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, òun àti Kíkẹ́ nìkan ló kù nílé wọn ní Gidan Igwai. Gbogbo ilé mọ̀ pé kó tó wá sí Sókótó, ó ti ṣiṣẹ́ ní èbúté kan ní Èkó, lẹ́nu ojú irin. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá bi í, a máa ní, "Iṣẹ́ àtijọ́ ni," a sì fa ọ̀rọ̀ mìíràn.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n ṣe dé láti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń jẹun, Kíkẹ́ ní, "Bàbá, ẹ bá mi kọ́ èbúté."

"Irú èbúté wo?"

"Èyí tí kò ju orí tábìlì lọ. Ọkọ̀ òkun, kírénì, ojú irin, wágọ́nù tó ń rìn. A fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ níléèwé ní ìparí táàmù. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ fojú ara wọn rí bí àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ṣe ń kúrò nínú ọkọ̀ bọ́ sórí irin."

Bàbá rẹ̀ ń fi ìka pa etí àwo oúnjẹ rẹ̀. "Ṣé àwọn ọmọ yẹn ò rí òkun rí ni?"

"Wọn ò rí i rí, sà."

"Mo gbọ́," ló wí, ó sì dìde lọ fọwọ́.

Kíkẹ́ rò pé ó ti kọ̀ ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yà ní ìsọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó bá pílíwúùdù ńlá kan lórí àgbá méjì, bàbá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ẹfun fa ìlà sí i. Kò wo ìwé kankan. Ó ń fà á bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, ní ìrọ̀lẹ́ àti ní Sátidé. Ọ̀pá agbòòrùn tó ti bàjẹ́ ni wọ́n fi ṣe irin, igi ìṣáná ni wọ́n tò sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù. Agolo sàdín-ìn di wágọ́nù. Agolo mílíìkì, mẹ́ta-mẹ́ta lórí ara wọn, di ilé gíga roboto tí wọ́n ń da àlìkámà sí. Adéṣínà fi sípóòkì kẹ̀kẹ́ jó kírénì mẹ́rin, ó sì fi páànù ṣe ọkọ̀ òkun tó gùn tó apá ènìyàn. Gíláàsì fèrèsé tí wọ́n kun ní búlúù lábẹ́ ni òkun.

Garba, tó ń tún rédíò ṣe ní ìsọ̀ kejì, ló yọ mọ́tò kékeré láti inú rẹ́kọ́dà tó ti kú, ó sì so bátìrì mọ́ ọn.

"Sannu da aiki, Baba," ni yóò máa fi kí i kú iṣẹ́ bó bá wọlé. "Bàbá mi máa ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú irin. Ó ní Kaura Namoda ló ń dé, pé kò dé ọ̀dọ̀ wa níbí rí."

"Kò dé ibí," ni Adéṣínà fèsì. "Ìdí tí mo fi wá síbí nìyẹn." Garba rò pé àwàdà ni.

Kò tíì sí ìgbà tí Kíkẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá gbé kírénì síbi tí kò yẹ, bàbá rẹ̀ á ní, "Kò lè dúró síbẹ̀. Bó bá yí ọrùn, yóò gbá wágọ́nù." Ó sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ tó ń lọ àlìkámà ló ni èbúté náà, pé ó ti kógbá sílé tipẹ́. Ó sọ bí eruku ìyẹ̀fun ṣe máa ń sọ irun wọn di funfun. Ó sì dárúkọ ọ̀rẹ́ kan, Ọ̀ṣúnṣínà, ará àdúgbò wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn méjèèjì jọ lọ gba iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ wọn ni láti máa so àwọn wágọ́nù mọ́ra, kí wọ́n sì máa tú wọn. Ó ní bí Ọ̀ṣúnṣínà bá fi ọwọ́ kan wágọ́nù báyìí, yóò ti mọ̀ bóyá ẹrù wà nínú rẹ̀.

Kíkẹ́ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ojú irin mẹ́ta ni bàbá rẹ̀ fa ìlà rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Méjì ló ti tò. Ààyè ẹ̀kẹta, láàárín ògiri èbúté àti àwọn ilé àlìkámà, ṣófo, wọ́n sì ti nu ẹfun ibẹ̀ kúrò. Ó rò pé ó ti rẹ bàbá òun ni. Ní Sátidé kẹta, kí bàbá rẹ̀ tó dé, ó to igi ìṣáná síbẹ̀, ó ní kí òun yà á lẹ́nu.

Adéṣínà wọlé, ó wò ó. Kò bínú. Ó fa àga sún mọ́ pílíwúùdù náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn igi ìṣáná náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́.

"Bàbá, ṣé mo tò ó wọ́ ni?"

"O ò tò ó wọ́. Ojú irin yẹn ni Ọ̀ṣúnṣínà kú sí."

Kíkẹ́ jókòó.

"Ọdún 1983 ni, oṣù kẹta. Oòrùn ń mú. Ọkọ̀ òkun méjì ló ń dúró, fọ́mánì sì ti ń pariwo mọ́ wa láti òwúrọ̀. Ọ̀ṣúnṣínà wọ àárín wágọ́nù méjì láti so ìkọ́ wọn. Èmi ni mo di àsíá mú. Òfin iṣẹ́ wa ni pé n kò gbọdọ̀ gbé àsíá aláwọ̀ ewé sókè àfi bí mo bá rí i pé ó ti jáde, tó sì nawọ́ sí mi. Mo rí ẹnì kan tó wọ aṣọ búlúù, irú èyí tí Ọ̀ṣúnṣínà wọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wágọ́nù. Mo ní òun ni. N kò dúró kó nawọ́. Mo gbé àsíá, awakọ̀ sì wakọ̀." Ó da àwọn igi ìṣáná sínú páálí wọn. "Ẹlòmíràn ni."

Rédíò Garba ń ka ìròyìn ní ìsọ̀ kejì.

"Kí ni àwọn ará ilé-iṣẹ́ sọ?" ni Kíkẹ́ bi í.

"Wọ́n ṣe ìwádìí. Wọ́n bi mí bóyá ó nawọ́. Mo ní ó jáde, ó nawọ́, ó tún wá padà wọ ibẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo sọ ni wọ́n kọ sílẹ̀. Lóṣù díẹ̀ sí i mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo bi àwọn awakọ̀ ní gáréèjì pé ọkọ̀ wo ló ń lọ jìnnà jù. Sókótó ni wọ́n dárúkọ."

"Ẹ purọ́ mọ́ òkú, Bàbá."

"Mo purọ́ mọ́ òkú."

Kíkẹ́ mú báàgì rẹ̀, ó jáde láìdágbére. Ó rin Sama Road títí ẹsẹ̀ fi ń dùn ún. Ìyá rẹ̀ ló ń rò: ṣé ìyá òun mọ̀? Ó rántí pé bàbá òun kì í gbé ohùn sókè sí ẹnikẹ́ni, pé gbogbo èèyàn ń pè é ní oníwà tútù. Ó wá ń bi ara rẹ̀ bóyá ìwà tútù náà ni, àbí ẹ̀rù ni. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń kí ara wọn lásán, tí wọn ò sọ nǹkan mìíràn.

Lọ́jọ́ kẹta Kíkẹ́ gbé tíì fún un, ó ní, "Ǹjẹ́ Ọ̀ṣúnṣínà bímọ?"

"Ọ̀kan. Kúnmi. Obìnrin ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn nígbà náà."

"Ẹ ò wá wọn rí?"

Adéṣínà mi orí.

Kíkẹ́ lọ bá alága ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sókótó. Alága pe ẹnì kan nílé, ẹni náà pe ẹlòmíràn, kó tó di ọjọ́ Ẹtì nọ́ḿbà ti dé: Kúnmi ti di nọ́ọ̀sì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá rẹ̀ sì ń bẹ láàyè. Kíkẹ́ gbé nọ́ḿbà náà síwájú bàbá rẹ̀, ó ní òun ò ní pè é fún un. Bàbá náà wo ìwé náà títí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ fi tutù. Lẹ́yìn náà ló mú fóònù.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ fún Kíkẹ́, kò fi iyọ̀ sí i. Nígbà tó parí, Kúnmi ní, "Ẹ dúró ná, sà. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ fún wa?"

"N kò mọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ má pè mí lọ́mọ yín. Wọ́n ní ó mutí yó ni. Wọ́n ní ẹni tí orí rẹ̀ pé kì í padà sí àárín wágọ́nù. Àbúrò bàbá mi gan-an ló ń sọ ọ́ kiri. Wọ́n lé wa kúrò ní kúọ́tà ilé-iṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Orúkọ bàbá ìyá mi ni mo jẹ́ níléèwé, torí ìyá mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi bàbá mi bú mi."

"Kò mutí," ni Adéṣínà wí. "Kò fẹnu kan ọtí rí lójú mi."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́, kí ẹ buwọ́ lù ú. Tẹnu nìkan ò tó mi." Ó sì pa fóònù.

Ojú ìwé mẹ́ta ni Adéṣínà kọ. Irin ló mọ́ ọn lọ́wọ́, bírò ò mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ́, ó ya ọ̀pọ̀ dànù kó tó ṣe é dáadáa. Kíkẹ́ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì bàbá rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ ní kùtùkùtù, ó sì to ojú irin kẹta fúnra rẹ̀. Nígbà tí Kíkẹ́ dé, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ń gbẹ.

Ní ọjọ́ ìpàtẹ, àwọn ọmọ yí èbúté náà ká débi pé àwọn olùkọ́ ò ráyè wò ó. Zahrau ni wọ́n fún ní bọ́tìnnì ẹ́ńjìnnì. Ó ń wa wágọ́nù àgbàdo (àlìkámà wọn ò tó, wọ́n ti fi àgbàdo lílọ̀ kún un) láti ẹsẹ̀ kírénì lọ sí ẹnu ilé gíga.

"Baba, ta ló ń sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ?" ló bi Adéṣínà ní Haúsá.

"Ẹni tó di àsíá mú."

"Òun náà, báwo ló ṣe ń mọ̀?"

Adéṣínà bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi tó ti ọmọ náà. "Ó máa ń dúró," ló wí. "Bí gbogbo ayé bá ń pariwo mọ́ ọn, kó dúró títí yóò fi rí ojú ẹnìkejì rẹ̀." Zahrau kàn fọwọ́ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan sí i. Kíkẹ́, tó wà lẹ́yìn wọn, ní láti yíjú sí ògiri.

Kúnmi ò pè fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tó pè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀: "Mo ka ìwé yín fún ìyá mi. Wọ́n ní ẹ máa bọ̀."

Adéṣínà ti ìsọ̀ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kíkẹ́ fẹ́ bá a lọ, bàbá rẹ̀ ní rárá, òun nìkan ló ṣe é. Ìyá Kúnmi ti di arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n ti pe àbúrò Ọ̀ṣúnṣínà àti àwọn ẹbí yòókù sí pálọ̀. Adéṣínà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìyá náà ò sì ní kó dìde. Ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti rò ó, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó dé ibi àsíá, àbúrò Ọ̀ṣúnṣínà bo ojú.

"Mo mọ̀ pé kò mutí," ni ìyá náà wí. "Èmi ni mo se oúnjẹ tó jẹ jáde lọ́jọ́ náà. Ogójì ọdún ni mo fi ń sọ ọ́, kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́." Ó yí sí àwọn ẹbí. "Ẹ ti gbọ́ báyìí."

Kò sọ pé òun dárí jì í, Adéṣínà ò sì bi í. Ó pẹ́ kó tó ní kó dìde, kó lọ fọwọ́ wá jẹun. Kúnmi ló gbé oúnjẹ wá. Kò wo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé omi kalẹ̀ tán, kò lọ. Ó fa àpótí kan, ó jókòó sí iwájú rẹ̀.

"Ẹ sọ bó ṣe rí fún mi," ló wí. "Kì í ṣe bó ṣe kú. Bó ṣe máa ń rìn, bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹun ná, kí ẹ wá sọ ọ́."