Ekòló Tí Ń Jẹ́ Orúkọ Ọ̀gá Wa

Mo-Ti-Mọ̀ la máa ń pe ọ̀gá wa lẹ́yìn, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí èèyàn máa bẹ̀rẹ̀ tí kò ní já gbà mọ́ni lẹ́nu pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni lóòótọ́. Ìwé ẹ̀rí bo ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ débi pé kò sáyè tí a lè fi kàlẹ́ńdà kọ́. Ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi ń pààrọ̀ ọtí líle inú ìgò tí a ń tọ́jú òkú ẹ̀dá òkun sí nílé ìwádìí wa, mi ò rí i kó fojú kan maikirosikóòpù rí. Ẹ̀gbọ́n ayàwòrán, obìnrin tí a jọ wà ní yàrá kan náà, ló ń ṣe wàhálà ìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ òkun kó ẹ̀dá wá fún wa láti orí òkè kan tí omi bò mọ́lẹ̀ pátápátá. Ekòló kan wà níbẹ̀ tí kò gùn tó ìka ọwọ́, irun líle yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi búrọ́ọ̀ṣì. Oṣù márùn-ún ni Ẹ̀gbọ́n fi tẹ̀ kọdọrọ lé e lórí, ó ń ka irun, ó ń yàwòrán.

"Àbúrò," ó ní, "ẹnikẹ́ni ò tíì rí irú eléyìí rí."

Kó tó di ọ̀sán, Mo-Ti-Mọ̀ ti dé. "Orúkọ mi la máa fún un! Ìwọ ni kó o fọwọ́ sí i, kó má dà bíi pé mo sọ ara mi lórúkọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí mo kọ nípa bó ṣe ń gbé."

"Kí ni mo fẹ́ kà? Mo ti mọ̀. Akíkanjú ni, ó dá gbé orí òkè. Èmi gan-an nìyẹn!"

Mo kọjú sí ìgò kí ẹ̀rín má bàa pa mí.

Wọ́n tẹ ìwé tí Ẹ̀gbọ́n kọ jáde, orúkọ Ọ̀gá ni ekòló náà sì ń jẹ́ níbẹ̀. Mo-Ti-Mọ̀ pe àwọn oníròyìn, ó gbé àwòrán ekòló náà kọ́ gàdàgbà. Akọ̀ròyìn kan dìde: "Kí ló ń jẹ, sà?"

Ọ̀gá wúkọ́. Ó wo Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n dìde wọ́ọ́rọ́. "Ara iyùn ló ń gbé, ẹ̀dá tó dúró bí igi kékeré. Iyùn á forí ṣe fọrùn ṣe, á rí oúnjẹ mú nínú omi, ekòló yìí á sì já a gbà lẹ́nu rẹ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ni gbogbo ilé bá dà rú.

Lọ́jọ́ kejì Mo-Ti-Mọ̀ já wọ yàrá wa. "Yí orúkọ yẹn padà!"

"Orúkọ tí wọ́n bá ti tẹ̀ jáde kì í yí mọ́, sà," ni Ẹ̀gbọ́n dáhùn. " Ṣé ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ni mo kùn lábẹ́ ètè.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ọtí inú ìgò yìí ti ń gbẹ, sà."

Ó já àwòrán náà lulẹ̀, ó ń sọ kiri pé òun kò mọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ń wá láti òkè òkun, Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọ́n ní kó tún wá wo ẹ̀dá àwọn òkè mìíràn. Ọ̀gá kò yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Láti ìgbà náà ni yàrá wa ti fẹ̀ sí i.