Àǹfààní Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ẹ ti fura pé èso tí ọkùnrin yìí ń fún ìyàwó rẹ̀ kò wò ó sàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí ó bá wò ó sàn ni, ọkùnrin náà kò ní máa dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì kẹrin ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kí ó máa ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì pé ara tó ń wú yẹn kì í ṣe àìsàn, ìdọ̀tí ló ń jáde.

"Kí ilé tó mọ́," ni ó wí, "eruku á kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kan."

"Bàbá, ìyá kò lè gbé ẹsẹ̀ láti àná," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. "Ọkàn wọn ń lù ségesège. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ṣe láàárọ̀ yìí kò dára rárá. Kí ni wọ́n ń jẹ nílé?"

Ìbéèrè tí ọkùnrin náà ti ń retí láti ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì nìyẹn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì. Wọ́n fún un ní aago ògiri, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó délé, kò rí ẹni kọ́ mọ́. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ó ṣalábàápàdé èso náà, èso wẹ́wẹ́ kan tó dúdú bí ẹyinjú, tí oje rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ àlùkò. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó kí i ní "ẹ káàárọ̀" tí kò gba ẹ̀kọ́ lọ sílé. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́ ní Bàbá Fítámì. Ó rò pé wọ́n ń yìn ín ni.

Nígbà tí kíndìnrín ìyàwó rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rù bà á gan-an. Ó fẹ́ràn obìnrin náà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi bí mo bá ní inú rẹ̀ tún dùn díẹ̀ lábẹ́lẹ̀: ó ti rí aláìsàn tirẹ̀.

Ó yọ ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan jáde. "Ife kan láàárọ̀, ife kan lọ́sàn-án, ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko. Tí ife bá ti padà wá lófìfo, màá kọ 'tán' síwájú rẹ̀. Wò ó. Tán, tán, tán."

"Ife kí ni, Bàbá?"

Ó tún yọ bébà kan tó ká sí mẹ́rin nínú àpò àyà rẹ̀, ó wọ awò ojú, ó gbé ohùn sókè bí ẹni pé kíláàsì wà níwájú rẹ̀. "Àǹfààní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ìkíní, ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di ọ̀tun. Ìkejì, fítámì inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ọsàn lọ."

Ìyá àgbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹta gbé orí sókè. "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ fún orúnkún?"

"Ìkẹsàn-án nìyẹn, ẹ ní sùúrù, Mámà. Ìkẹta, pọtásíọ̀mù rẹ̀ ju ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ìkẹrin…"

"Bàbá, ẹ dúró ná. Ìkẹta yẹn."

"Ìlọ́po mẹ́ta!" ó tún un sọ, ó rò pé orí nọ́ọ̀sì ń wú ni.

Nọ́ọ̀sì na ọwọ́, ó gba bébà náà. Kò kà á. Ńṣe ló yí i padà. Lódìkejì ni ohun tí ilé ìwòsàn tẹ̀ wà gàdàgbà: Ohun tí ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú kò gbọdọ̀ fẹnu kàn. Èso tí pọtásíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ ló ṣíwájú gbogbo wọn.

"Èmi ni mo fún yín ní ìwé yìí, Bàbá. Ọjọ́ tí a ní kí ìyá máa lọ sílé."

"Mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Èmi kì í fi bébà ṣòfò."

"Ṣé ẹ ka iwájú rẹ̀?"

Ẹni tó ti ń fún ọmọ aráyé níwèé kà láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ta ni yóò wá fún un ní tirẹ̀?

"Jẹ́ kí n bi ọ́," ó wí níkẹyìn, "ta ló tiẹ̀ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kíndìnrín gan-an?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Kíláàsì kẹrin. Ẹ ní asẹ́ ni kíndìnrín. Tí asẹ́ bá dí, ohun tó yẹ kó jáde á máa kún inú ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi dé ọkàn. Mo gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ nà mí. Mi ò gbàgbé mọ́." Ó dá bébà náà padà fún un jẹ́jẹ́. "Ẹni tí ara rẹ̀ le, èso yẹn dára fún un, sà. Ìyá kọ́."

Dókítà wọlé, ó wo ojú ẹ̀rọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ti bẹ́ẹ̀dì náà jáde. Ìyàwó rẹ̀ dijú, ètè rẹ̀ gbẹ. Ọmọbìnrin wọn tó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì dìde tẹ̀lé wọn, bàbá rẹ̀ sì dì í lápá mú.

"Ó ń dà á nù!" ó kígbe, bí ẹni tó rí owó he. "Ìyá rẹ ń dà á nù! Ìwọ lo sọ ọ́!"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá. O ní inú ìkòkò òdòdó ojú fèrèsé ló ń da oje mi sí."

"Mo ń ṣeré ni, Dádì. Torí pé ẹ ń yẹ ife wọn wò bí ọ̀gá ìdánwò."

"O kò ṣeré. O rí nǹkan. Sọ pé o rí nǹkan!"

Ọmọ náà wo ojú rẹ̀, ó wo bẹ́ẹ̀dì tó ń lọ, ó sì sáré tẹ̀lé ìyá rẹ̀.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ àwàdà náà, inú bí i gan-an. "Ṣé èmi lo ń tàn jẹ?" ló bi ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, mò ń mu ún. Ó kan bí ojú tó o fà ro yẹn, ṣùgbọ́n mò ń mu ún. Ṣebí inú rẹ ló ń dùn." Kò gbà á gbọ́. Ọjọ́ méjì ni kò fi bá a sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yé po oje náà. Nísinsìnyí, ó ń sáré gba ọ̀nà ilé, ó ń bẹ Ọlọ́run kí ó jẹ́ pé irọ́ ni obìnrin náà pa fún un. Àwọn dókítà kò rán an. Wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Òun nìkan ni kò tíì rí tirẹ̀.

Ó ṣílẹ̀kùn, kò bọ́ bàtà. Oje èso náà kì í fọ̀ kúrò lára nǹkan: ó wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mẹ́ta, ó wà lára aṣọ tábìlì, ó ti kun ṣíbí onígi títí dé ọrùn. Ẹ̀kán kan péré ti tó. Ife méjìlélógójì sì ni òun fọwọ́ ara òun pò.

Ìkòkò òdòdó náà wà lójú fèrèsé yàrá. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ìyàwó rẹ̀ tò bo iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀, kí ó lè rẹwà. Ó kúnlẹ̀. Ó ń ṣa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí wọn padà nínú oòrùn, ó ń wá àwọ̀ àlùkò, ó ń fi èékánná ha wọ́n. Ó ti ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ó gbé e símú. Òórùn iyẹ̀pẹ̀ ni. Ó tún padà sórí àwọn òkúta náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní.

Gbogbo wọn ló funfun.