Ohun Tí Ológbò Rí

Ọmọ́ṣaléwá da ikùn délẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, ó ti orí bọ abẹ́ ọkọ̀ aládùúgbò rẹ̀, ó ń fi iná fóònù wá gbogbo kọ̀rọ̀ ibẹ̀. Epo tó jò sílẹ̀ ti ba apá aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ sí yunifásítì jẹ́. Kò rí nǹkan kan ju ike omi kan tí wọ́n ti tẹ̀ pẹlẹbẹ lọ.

"Ọjọ́ kẹta nìyí," Àǹtí Comfort, tó ni ọkọ̀ náà, sọ láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, pákò lẹ́nu. "Ológbò tó bá ti lọ, kó máa lọ. Ṣé o ò mọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa ológbò ni? Àìsàn wọlé, ológbò ò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ẹ kú, ológbò ṣì wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin náà máa ń fún un lẹ́ja, Àǹtí."

"Nítorí ìyá ẹ ni mo ṣe ń fún un."

Ọmọ́ṣaléwá dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ti lù, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n sì máa fi fíìmù rẹ̀ han àwọn èèyàn. Ológbò tó wà nínú fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ló sọnù yìí.

Àlejò ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan ló wọ ilé wọn ní àdúgbò Mayfair, ó gbọn omi ara rẹ̀ nù, ó sì lọ ká jọ sórí aṣọ ìyàwó tí Àbíkẹ́, ìyá Ọmọ́ṣaléwá, ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán. Àbíkẹ́ kò lé e. Ó ní, "Irú àlejò wo nìyí, tí kì í béèrè ibi tí òun máa jókòó?" Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn.

Nígbà tí jẹjẹrẹ dá Àbíkẹ́ dùbúlẹ̀, Ọmọ́ṣaléwá, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nínú iṣẹ́ ọnà, gbé fóònù sókè pé òun fẹ́ yà á. Ìyá rẹ̀ fa ìborùn bo ojú.

"Má yà mí. Mo ti di egungun. Bí ọwọ́ bá ń yún ẹ, ya ológbò. Òun ò ní í ráhùn pé òun ti rù."

Ọmọ́ṣaléwá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ya ológbò. Ní kíláàsì, wọ́n ti fi fíìmù àwọn ayàwòrán òkè òkun hàn wọ́n rí, àwọn tó kọjú kámẹ́rà sí ológbò fún odindi ìdajì wákàtí, tí kò sí ìtàn, tí kò sí orin, tí ẹranko náà kàn ń lá ara rẹ̀, tó ń sùn, tó ń wo òde. Nígbà náà, ó rò pé àìríṣẹ́ṣe ló ń da àwọn òyìnbó láàmú. Àmọ́ bí oṣù ṣe ń gorí oṣù nínú yàrá yẹn, ó wá rí i pé bí èèyàn bá tẹjú mọ́ ológbò pẹ́ títí, gbogbo ilé ló máa wọnú àwòrán náà: ọwọ́ tó ti gbẹ tó nà wá pa á lẹ́yìn, etí ìró, ikọ́, ohùn ìyá tó ń bá ẹranko sọ ohun tí kò jẹ́ bá ọmọ sọ. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ológbò ni Ọmọ́ṣaléwá fi ń ríran.

Bàbá rẹ̀ ni kò dárí jì. Bàbá Lágúnjú ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nínú oṣù mẹ́jọ tí ìyàwó rẹ̀ fi dùbúlẹ̀, kò sí òwúrọ̀ kan tí kò gba oko kòkó rẹ̀ ní Ìpetumodù lọ. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, yóò ní, "Àbíkẹ́, ṣé o sùn dáadáa?" kò sì ní í dúró gbọ́ èsì. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé. Oṣù méjì rèé tí wọ́n ti sin Àbíkẹ́, ọ̀rọ̀ tí bàbá àti ọmọ ń bá ara wọn sọ kò ju ti oúnjẹ àti iná mànàmáná lọ. Nígbà tí Ọmọ́ṣaléwá sọ fún un pé wọ́n máa wo fíìmù òun lónìí, bàbá náà ní òun gbọ́.

Gbọ̀ngàn kékeré kan ní yunifásítì ni wọ́n ti wò ó. Nǹkan bí ọgbọ̀n èèyàn ló wá, akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù. Dókítà Oyèkúnlé, olùkọ́ rẹ̀, ní kí wọ́n má retí ìtàn, kí wọ́n ṣáà máa wò. Wọ́n pa iná. Àlejò yọ sára ògiri, ó tóbi ju màlúù lọ.

Ọmọ́ṣaléwá fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹranko tó ti ń wá láti ìjẹta nìyí níwájú rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ nu imú. Ó ti wo fíìmù náà débi pé ó mọ ìgbà tí etí kan máa gbọ̀n. Ojú àwọn èèyàn ló wá ń wò. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí, tí bàbá rẹ̀ wọlé. Ó ṣí fìlà, ó sì rọra jókòó sórí àga tó kẹ́yìn pátápátá.

Fíìmù náà dé apá tí Dókítà fẹ́ràn jù. Àlejò jókòó lórí máṣíìnì ìránṣọ, ó tẹjú mọ́ fèrèsé, kò mira rárá fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Oòrùn ọ̀sán ti mú kí fèrèsé náà funfun báláú, ohunkóhun kò hàn níta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ohùn Àbíkẹ́ wá dún láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó tín-ínrín, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀:

"Àlejò, ta lò ń wò níta?"

Ológbò náà kò yíjú. Ọmọ́ṣaléwá wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Bàbá rẹ̀ ti fi fìlà bo ẹnu.

Nígbà tí iná tàn, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan béèrè ìdí tí fíìmù náà fi já sínú òkùnkùn lójijì, bí ẹni pé kò parí.

"Bátìrì ló kú," Ọmọ́ṣaléwá dáhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Dókítà Oyèkúnlé ní iṣẹ́ onísùúrù ni. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n àga ẹ̀yìn ti ṣófo, Ọmọ́ṣaléwá sì jáde.

Ó bá bàbá rẹ̀ lábẹ́ igi kan níwájú gbọ̀ngàn náà, ó dúró, kò jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀.

"Èmi ló ń wò," bàbá náà sọ.

"Kí lẹ wí, Bàbá mi?"

"Níbi fèrèsé yẹn. Ìyá ẹ béèrè ẹni tó ń wò. Èmi ni."

Ọmọ́ṣaléwá sún mọ́ ọn.

"Ọ̀sán ni mo máa ń kúrò lóko. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní títì kí ẹ má baà gbọ́ ìró ọ̀kadà. Màá gba ẹ̀yìnkùlé dé ibi fèrèsé yẹn, màá dúró. Màá máa gbọ́ bó ṣe ń mí, màá máa gbọ́ bó ṣe ń ké bí ìrora bá mú un. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé òní ni màá wọlé. Ẹsẹ̀ mi ò gbé e, Ṣaléwá. Màá tún padà sí títì, màá jókòó sọ́dọ̀ fọganáísà tó ń lẹ táyà títí ilẹ̀ á fi máa ṣú."

Ó ká fìlà rẹ̀ sí méjì.

"Ológbò yẹn nìkan ló rí mi. Lẹ́yìn ìsìnkú, bí mo bá jókòó pé kí n jẹun, á wá jókòó síwájú mi, á máa wò mí bó ṣe máa ń wò mí lójú fèrèsé. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi mọ́. Mo dì í sínú àpò ìrẹsì níjẹta. Mo gbé e lọ sóko, mo tú u sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ líle kún ẹnu Ọmọ́ṣaléwá. Ó rántí gọ́tà tó ti ń wò kiri, ó rántí ara rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá rẹ̀ ń fún fìlà náà bí ẹni ń fún aṣọ omi, ó sì dà bíi pé kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Oṣù mẹ́jọ ni Ọmọ́ṣaléwá fi kórìíra ọkùnrin tó wà níta fèrèsé.

"Ẹ jẹ́ ká lọ wá a," ó wí.

Takisí gbé wọn dé Ìpetumodù, ọ̀kadà méjì gbé wọn dé oko. Àpò ìrẹsì náà ṣì wà lẹ́nu ahéré, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Obìnrin kan tó ń sá kòkó nítòsí ní òun rí ológbò kan létí odò lánàá.

"Ó wò mí títí, ó wá wọgbó lọ. Ẹ yára o. Àwọn ajá ọdẹ pọ̀ níbí."

Wọ́n wá a. Bàbá Lágúnjú ká ṣòkòtò sókè, ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gba abẹ́ igi kòkó kọjá bí ọmọdé, ó ń pe "Àlejò, Àlejò" pẹ̀lú ohùn tí Ọmọ́ṣaléwá kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ewé gbígbẹ ń ró lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni nǹkan kan sá lọ níwájú wọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni àkọ́kọ́, wọn kò rí èkejì. Wọ́n dé odò, wọ́n tún padà. Nígbà tí oòrùn wọ abẹ́ igi, tí ẹsẹ̀ bàbá náà kò lè mọ́, wọ́n jókòó sórí ìtì igi kan.

Bàbá náà bọ́ bàtà, ó da omi inú rẹ̀ nù.

"Láti oṣù méjì ni mo ti fẹ́ bi ẹ́. Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ó béèrè mi?"

Níbi ìsìnkú, gbogbo èèyàn ló ń dì mọ́ Ọmọ́ṣaléwá. Wọ́n ní ọmọ tó gbẹ́yìn ìyá ni, ọmọ tó di ìyá lọ́wọ́ mú títí dé ẹnu ibodè. Kò jẹ́wọ́, kò sẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé bátìrì fóònù rẹ̀ ló gbé e kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Iná kò sí. Àǹtí Comfort ń lo jẹnẹrétọ̀. Ó sáré lọ síbẹ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún lòun máa lò. Ó jókòó síbẹ̀ ó ń wo ohun tó yà láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àlejò nínú oòrùn, àwòrán tó dára jù tó tíì yà rí, ó ń wò ó lọ ó ń wò ó bọ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan. Nígbà tó padà délé, ara ìyá rẹ̀ ti tutù, ológbò sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

Irọ́ kan ti dé ahọ́n rẹ̀, irọ́ tó dùn: bẹ́ẹ̀ ni, ó pè yín, ó ní kí n kí yín. Ó wo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tí ẹrẹ̀ bò dé orúnkún.

"Mi ò sí níbẹ̀, Bàbá mi."

Bàbá Lágúnjú yíjú sí i. Ọmọ́ṣaléwá rò pé ó máa bínú. Kò bínú. Ojú rẹ̀ kàn ń wá nǹkan kan lójú ọmọ rẹ̀, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

"Ta ló wá wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Àlejò."

Afẹ́fẹ́ gba orí àwọn igi kòkó kọjá. Obìnrin tó ń sá kòkó ti ń kó tiẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń dà á sínú apẹ̀rẹ̀. Ohun tí Àbíkẹ́ wí gbẹ̀yìn, orúkọ tó pè tàbí tí kò pè, wà lọ́dọ̀ ẹranko kan nínú igbó tó ń ṣókùnkùn lọ níwájú wọn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rí i, ojú lásán ni yóò fi wò wọ́n. Ọmọ́ṣaléwá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì mọ̀ pé bàbá òun náà mọ̀ ọ́n, nítorí kò sọ pé kí wọ́n dìde, Ọmọ́ṣaléwá náà kò sì dìde.