Àpò Pàǹtí Etí Ọ̀sà

Ọjọ́ kejì ìpàdé ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí Mobọ́lájí lára. Ẹ̀kọ́ nípa ẹja ló kọ́, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣèwádìí òkun àti ọ̀sà ní Yábàá ló sì gbà á síṣẹ́. Wọ́n jókòó sínú yàrá tútù, wọ́n ń pinnu ohun tí wọn yóò ṣe láàárín ọdún mélòó kan: ìwádìí tí wọn yóò ṣe, ohun tí wọn yóò kọ́ àwọn ọmọ iléèwé, bí wọn yóò ṣe máa bá àwọn ará etí omi sọ̀rọ̀. Gbogbo àfojúsùn tí wọ́n kọ ló dùn létí. Kò sí ọ̀kan tó ní òórùn.

Mobọ́lájí ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ fojú ara wọn rí omi ọ̀sà ní Oto. Dókítà Ọládèjì, ọ̀gá wọn, yímú. Àfìgbà tí Ethel, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iléèwé, rán an létí pé wọn ò tíì ní fọ́tò tí wọn yóò fi sínú ìwé àfojúsùn wọn ló tó gbà.

Wọ́n kó àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan dání. Mobọ́lájí lóṣòó láàárín wọn, ó ṣàlàyé bí ẹja ṣe ń gbé ọ̀rá mì, tí ebi á sì pa á kú pẹ̀lú ikùn tó yó. Àwọn ọmọ náà ṣa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike àti bàtà tó ti já títí àpò tí wọ́n mú wá fi kún. Omi náà dúdú bí ọ́ìlì tí mẹkáníìkì dà nù. Áńkáṣífù ò kúrò nímú Dókítà Ọládèjì àfìgbà tí ayàwòrán ní kó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ya fọ́tò tán, àwọn ọmọ wọ bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ akólẹ̀ tí wọ́n ń retí ò wá. Mobọ́lájí ń ṣan ọwọ́ lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ tí nǹkan já sómi. Ó yíjú, ó rí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ wọn tí wọ́n ń tú àpò pàǹtí náà sínú ọ̀sà, Dókítà Ọládèjì sì ń júwe ibi tó jìn fún wọn.

Ó lọ bi í bóyá òun ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀sà ló kó o wá," ni Dókítà Ọládèjì fèsì. "Ọ̀sà ni yóò kó o lọ."

"Àwọn ọmọ ń wò yín, sà."

Ọ̀gá ní òun ò lè gbé ìdọ̀tí sínú mọ́tò òun. Ó wọ mọ́tò, ó sì lọ.

Àwọn ọmọ náà yọjú lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì, wọ́n ń wo ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣà bó ṣe ń léfòó lọ. Ọmọbìnrin kan nínú wọn ju ike mílíìkì rẹ̀ síta. Kò sẹ́ni tó lẹ́nu láti bá a wí.

Ó ti pẹ́ tí Mobọ́lájí ti ń gbóòórùn ọ̀sà, kò bì rí. Lọ́jọ́ yẹn, ó fara ti ògiri, ó bì. Lẹ́yìn náà ló ká ṣòkòtò, ó wọ inú omi. Ethel bọ́ bàtà, ó tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n rí fà jáde ò tó ìdajì.

Lọ́jọ́ kejì, Mobọ́lájí sọ gbogbo rẹ̀ lójú ìpàdé. Àwọn kan tẹjú mọ́ fóònù wọn. Àwọn yòókù ní ọ̀rọ̀ náà ò sí lára ohun táwọn tìtorí ẹ̀ jókòó, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún àfojúsùn wọn. Mobọ́lájí ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú ìwé àfojúsùn náà, ó sì jáde.

Òun àti Ethel padà sí iléèwé náà, wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá ọ̀sà ti kó pàǹtí náà lọ lóòótọ́.

"Ó ṣì wà níbẹ̀," ni Mobọ́lájí dá a lóhùn.