Ìwé Oníwèé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún Nimotallahi ní ọdún méjì sẹ́yìn pé yóò tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Gbémisọ́lá ní Ṣàngó, ì bá ní kí olúwarẹ̀ lọ sùn. Ojú wo ló fẹ́ fi wò ó? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá ẹni ò mọ ìtìjú. Ó lọ.

Iṣẹ́ kọntinúítì ni Nimọ́ta ń ṣe lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àkànó tó ń ṣe fíìmù. Iṣẹ́ ojú ni, kí ohun tí wọ́n yà lánàá lè bá ti òní mu. Bí òṣèré bá wọ ẹ̀gbà sí ọwọ́ òsì lánàá, tó wá wọ̀ ọ́ sí ọ̀tún lónìí, Nimọ́ta ló gbọ́dọ̀ pariwo. Gbogbo rẹ̀ ló sì ń kọ sínú ìwé ńlá kan. Àwọn tó ń bá ọ̀gá yìí ṣiṣẹ́ ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀: ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ló ni àyè. Bóo bá lọ, tí ẹlòmíì bá ọ kọ ọ́ dé ìparí, ó dàbọ̀ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Nimọ́ta fi débẹ̀. Gbémisọ́lá ló ni àyè náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí oṣù rẹ̀ pé láti bímọ, ó bẹ Nimọ́ta, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, pé kó bá òun dì í mú fún ọ̀sẹ̀ kan. Nimọ́ta ṣí ìwé oníwèé, ó kọ tirẹ̀ sí i gàdàgbà. Nígbà tí ìyá ọmọ padà dé, ọ̀gá ní, "Èyí tó wà nílẹ̀ ti tó wa." Kí ni Nimọ́ta sọ? Ó dákẹ́ bí ẹni tó bomi sẹ́nu! Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ò sí nílùú, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí, ìdákẹ́ yẹn ò dáa.

Wàyí o, ojú ìyá Nimọ́ta ní Àpáta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi retí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Àfi bó ṣe bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń ya fíìmù lọ́wọ́ ní Bódìjà. Dókítà ní bí ọjọ́ náà bá fò wọ́n, ojú náà lè má dúró dè wọ́n mọ́. Ó tún ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí yóò máa kán oògùn sí i ní wákàtí-wákàtí. Nimọ́ta nìkan sì lọmọ. Ọ̀gá Àkànó ní, "Máa lọ, ṣùgbọ́n wá ẹni tó mọ iṣẹ́ mi fi dípò." Ta ló mọ iṣẹ́ Àkànó ní gbogbo Ìbàdàn tí kò sì sí nídìí fíìmù mìíràn? Ẹnìkan ṣoṣo ni.

Gbémisọ́lá ń to aṣọ ọmọdé tó ń tà nígbà tí Nimọ́ta wọlé.

"Nimọ́ta. O ṣì wà láyé."

Nimọ́ta kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. "Àǹtí Gbémi, ẹ má bínú. Ojú màámi ni." Ó rò ó fún un látòkè délẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ kan péré ni, Àǹtí."

Bó ṣe sọ "ọ̀sẹ̀ kan" báyìí, òun fúnra rẹ̀ gbọ́ bó ṣe dún.

Àǹtí Gbémi ò bú u, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ká ẹ̀wù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. "Aago mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀?" ló béèrè.

Ọjọ́ márùn-ún ni Nimọ́ta fi kán oògùn, tí ọkàn rẹ̀ wà ní Bódìjà. Bí Àǹtí Gbémi bá jókòó pa síbẹ̀, ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ òun? Ohun téèyàn bá gbìn ló ń ká. Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, wọ́n tú báńdéèjì. Ìyá ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó tẹjú mọ́ ọmọ rẹ̀.

"Nimọ́ta, ṣé aṣọ burúkú yìí lo ń wọ̀ kiri?"

Háà, Alhamdulilahi! Ẹkún àti ẹ̀rín ló bá Nimọ́ta pọ̀. Kò tíì sí ẹni tó bú u tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó padà sí Bódìjà, Ọ̀gá Àkànó ló kọ́kọ́ pàdé. "Mo ní kí Gbémi kúkú dúró," ni ọ̀gá wí, ó fajú ro. "Ó kọ̀."

Àǹtí Gbémi gbé ìwé ńlá náà lé e lọ́wọ́. Nimọ́ta ṣí i. Ìlà tóun kọ gbẹ̀yìn ló rí, lẹ́yìn ìyẹn, ojú ewé funfun.

"Àǹtí, ẹ ò kọ nǹkan kan?"

Àǹtí Gbémi fa ìdì bébà kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, ó ti fi pín-ìnnì dè wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

"Ìwé rẹ nìyẹn, mi ò ní fọwọ́ mi sí i. Jókòó kí o dà á kọ. Ọ̀sẹ̀ kan lo bẹ̀ mí. Ọ̀sẹ̀ kan lèmi náà bẹ̀ ọ́ nígbà yẹn."

Nimọ́ta kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú gbogbo wọn. "Ọ̀gá, ọdún méjì ni mo fi jókòó sáyè Àǹtí Gbémi. Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, mo dákẹ́ ni. Ìwé fíìmù tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ni kẹ́ ẹ gbé e fún láti ṣí. Àǹtí Gbémi, ẹ foríjì mí. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, màámi ti ríran."

Ọ̀gá Àkànó họrí, ó ní òun ti gbọ́. Àǹtí Gbémi fa àpótí ìjókòó kan sún mọ́ Nimọ́ta, ó mú bébà àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un bó ṣe ń kà á fún un nígbà tó ń kọ́ ọ níṣẹ́.

"Ẹ̀gbà, ọwọ́ òsì."

Nimọ́ta ń kọ ọ́, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Nu ojú ẹ," ni Àǹtí Gbémi wí. "O ti kọ ọ́ sí ọ̀tún."